Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Fíìmù Àtijọ́ Tí Wọ́n Tún Gbé Jáde

Bí ẹ bá ní fíìmù àtijọ́ lórí DVD, tí ẹ sì ń gbèrò láti kó wọn kúrò nílẹ̀ kí ẹ fi àwo tuntun, Blu-ray tàbí 4K, rọ́pò wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta ohunkóhun. Èmi ti ta tèmi. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn kan nínú wọn kiri, tí mo sì ń san iye tó ju èyí tí mo gbà lọ. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ tuntun kò dára. Ó dára gan-an. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé bí àpótí ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà ara páálí ń sọ, kò sọ ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀.

Ìṣirò tí mo fi wọ ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Àwòrán orí DVD jẹ́ píksẹ́lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 720 ní fífẹ̀ àti 480 ní gíga, tàbí 576 lórí àwọn tí wọ́n ṣe fún PAL, ìlànà tẹlifíṣọ̀n tí Yúróòpù ń lò nígbà náà. Ti Blu-ray, tó jáde ní 2006, jẹ́ 1920 lórí 1080. Ti àwo 4K, tó dé ọjà ní 2016, jẹ́ 3840 lórí 2160. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: píksẹ́lì tó wà lójú àwòrán 4K jẹ́ ìlọ́po 24 ti DVD tí gíga rẹ̀ jẹ́ 480. Mo wá rò ó pé bí píksẹ́lì bá fi ìlọ́po 24 pọ̀ sí i, adùn tí ojú máa rí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan mọ́.

Àwọn tí mo kọ́kọ́ rà ló tún wá kì mí láyà, torí pé wọ́n dára. Ọ̀kan nínú wọn ni Lawrence of Arabia, fíìmù ọdún 1962. Fíìmù 65mm ni wọ́n fi yà á, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì 35mm tí ọ̀pọ̀ fíìmù ń lò. Nígbà tí wọ́n sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún Blu-ray tó jáde ní 2012, nẹ́gátíìfù rẹ̀ gan-an, ìyẹn fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ, wọ́n ṣe sikáànì rẹ̀ ní 8K, tó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì 4K. Mo rí yanrìn tí atẹ́gùn ń gbá, mo rí òwú aṣọ, mo rí èèyàn kan tó wà lókèèrè réré tí n kò tíì rí rí lójú DVD. Mo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé gbogbo DVD mi pátá ló máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí mo fẹ́ràn jù dé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti wò ó lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò láti kékeré, mo tún wò ó lórí DVD títí ara àwo náà fi họ. Mo ki Blu-ray rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ, mo jókòó, inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òṣèré ọkùnrin tí mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun ti di ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti di àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo. Ògiri bíríkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bíríkì mọ́, ó ti di ògiri tí wọ́n kùn ní pupa. Tó bá yí orí padà, ìlà ojú rẹ̀ á máa wọ́ tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ó pẹ́ dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwòrán náà mọ́ tónítóní. Àwọn tó wà nínú ilé ní ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé kí ni mo tún ń wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ojú ara mi. Mo ní bóyá ìrántí ló ń tàn mí jẹ, bóyá fíìmù náà kò rí bí mo ṣe rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà HDMI. Ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, kò sì lè ṣe nǹkan kan: wáyà HDMI tó bá ti ń gbé àwòrán kọjá láìjá, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, owó tí ẹ bá fi kún un kò lè mú àwòrán dán sí i. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń ká àwo. Díẹ̀ ló kù kí n pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló là mí lójú. Iṣẹ́ fọ́tò ló ṣe láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ó mọ́, kò sí hóró kankan lójú ẹ̀, síbẹ̀ ó ń bí mi nínú.” Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n dá a dúró, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ní, “Wọ́n ti fọ àwòrán dànù pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Àwọn hóró tí wọ́n yọ yẹn kọ́ ló bo àwòrán mọ́lẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi yà á.”

Ọ̀rọ̀ yìí gba àlàyé, torí òun ni gbogbo ìyókù dá lé. Fíìmù kò ní píksẹ́lì. Hóró wẹ́wẹ́ èròjà fàdákà ló wà lára rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà. Tí wọ́n bá fọ fíìmù aláwọ̀, fàdákà náà á jáde, àmọ́ aró á kù síbi tí hóró kọ̀ọ̀kan wà. Irun ìpéǹpéjú o, ihò ara o, bí wọ́n ṣe hun aṣọ o, hóró yìí ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ó sì tún kù: àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, hóró inú ọ̀kan kò sì sí níbi tí ti èkejì wà. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run inú fíìmù kì í fi í dúró jẹ́ẹ́ tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn.

Lórí kásẹ́ẹ̀tì àti DVD, a kì í rí hóró yìí dáadáa, torí píksẹ́lì tó yẹ kó gbé e kò tó. Blu-ray dé, hóró bá yọjú. Àwọn oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló ń rìn yìí lójú tẹlifíṣọ̀n olówó iyebíye àwọn. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́fítíwíà pa hóró rẹ́ nìyẹn. DNR (digital noise reduction) ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń pè é. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ lò ó, ó ní ìwúlò. Àmọ́ tí wọ́n bá fà á dópin, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín hóró àti ihò ara. Ohunkóhun tó bá kéré tó sì ń yí padà ló ń gbá lọ.

Nígbà tí mo wá kà nípa rẹ̀ ni mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Predator, fíìmù 1987, ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ. Blu-ray rẹ̀ àkọ́kọ́, ti 2008, kún fún hóró. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2010 ni wọ́n fọ̀ débi pé ojú àwọn ọmọ ogun tó wà nínú igbó, tó yẹ kó kún fún òógùn àti ẹrẹ̀, ń dán bí ojú ọmọlangidi. Nígbà tí ti 4K jáde ní 2018, hóró padà sípò rẹ̀. Patton ti 1970 ńkọ́? 65mm ni wọ́n fi yà á, nẹ́gátíìfù tó ní ohun púpọ̀ láti fi hàn. Blu-ray 2008 rẹ̀ ni àwọn alárìíwísí kan kọ́kọ́ ń yìn pé ó mọ́ gaara, kí àwọn tó mọ bí 65mm ṣe ń rí tó wá pariwo pé awọ ojú àwọn òṣèré ti bá hóró lọ. Ní 2012, wọ́n tún òmíràn gbé jáde. Àwọn alárìíwísí ni wọ́n kọ́kọ́ yìn ín o, àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀.

DNR kì í sábà dá rìn. Tí wọ́n bá ti gbá àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ lọ tán, àwòrán á rọ̀, wọ́n á wá fi sọ́fítíwíà mìíràn fa etí nǹkan kó lè dà bí ẹni pé ó mú. Ẹ máa rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ létí òrùlé, ní èjìká ẹni tí ọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, àti yíká lẹ́tà orúkọ tó ń hàn níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Tí ojú bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní gbójú fò ó mọ́. Àwọn ìgbà kan wà tí mo máa ń sọ fún ara mi pé ì bá sàn kí n má mọ̀ ọ́n rárá, torí fíìmù tí mo ń gbádùn tẹ́lẹ̀, ìlà funfun ni mo wá ń wá níbẹ̀.

Kí n tó di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ń ṣe àwo, mo gbọ́dọ̀ sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe jáde nínú páálí rẹ̀ ni mo ṣe ń lò ó. Sharpness rẹ̀ ga fíofío, òun fúnra rẹ̀ sì ń kọ ìlà funfun yẹn sára fíìmù tí kò ní in. Noise Reduction rẹ̀ wà ní títàn, ìyẹn ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá dá hóró sí, tẹlifíṣọ̀n á pa á. Èyí tó wá burú jù ni ètò tó ń dá àwòrán tí kò sí sílẹ̀ láàárín 24 tó wà, kí ìrìn lè máa yọ̀ bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀. Fíìmù á wá máa rí bí ìròyìn alẹ́. Mo pa gbogbo rẹ̀. Sharpness, mo fà á sí 0. Lórí tẹlifíṣọ̀n mìíràn ó lè jẹ́ àárín ni ibi tí kò ti ní fi nǹkan kún un, ẹ fi lẹ́tà dúdú lórí funfun dán an wò, ibi tí ìlà etí lẹ́tà bá ti pòórá ni kí ẹ dúró sí. Láti 2019 ni wọ́n ti kéde ohun tí wọ́n ń pè ní Filmmaker Mode, tó ń pa ọ̀pọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí tiyín bá ní in, òun ni kí ẹ lò.

Ẹ má sì jẹ́ kó na àwòrán. Ọ̀pọ̀ fíìmù tó jáde ṣáájú 1953 ni fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.37 gíga rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, nígbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní jẹ́ ìlọ́po 1.78. Òkùnkùn gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán kún ojú tẹlifíṣọ̀n, orí ẹni tó wà nínú fíìmù ló máa gé tàbí kó sọ ọ́ di ẹni tó sanra.

Lẹ́yìn gbogbo àtúntò yìí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn mi pòórá. Blu-ray tí mo fẹ́ràn yẹn nìkan ni kò yí padà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé inú àwo ni àrùn wà.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e dé láti ọ̀nà òdìkejì. Mo ra fíìmù àtijọ́ kan tí àwòrán rẹ̀ mú ṣáṣá, àfi pé láìròtẹ́lẹ̀, á dédé rọ̀, hóró á pọ̀ sí i, àwọ̀ á yí padà díẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan á tún padà mú. Mo ní iṣẹ́ játijàti nìyí, mo dá a padà fún ẹni tó tà á. Àwo náà kò ṣe nǹkan kan o. Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá fẹ́ kí àwòrán kan parẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí òmíràn sì máa yọ, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ òṣèré sójú àwòrán, wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ da fíìmù méjèèjì kọ sórí fíìmù tuntun kan. Èyí tí wọ́n dà kọ yẹn ni wọ́n máa gé bọ inú nẹ́gátíìfù. Ìran kejì tàbí ìkẹta ni, kò sì lè mú tó àwọn tó yí i ká. Nítorí náà, tí àwòrán bá rọ̀ ṣáájú kí ojú ìran tó yí padà, tó sì tún mú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn: àmì pé nẹ́gátíìfù gan-an ni wọ́n lò nìyẹn. Ibi tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọ̀ bákan náà ló yẹ kó kọ yín lóminú.

Láti ìgbà yẹn, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa àwo kan ni pé, inú kí ni wọ́n ti mú un? Nẹ́gátíìfù tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ tí wọ́n ya fíìmù ni òkè odò. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà pọ́sítíìfù láti ara rẹ̀, wọ́n á tún ṣe nẹ́gátíìfù kejì láti ara ẹ̀dà yẹn, ara ìyẹn ni wọ́n á ti wá tẹ èyí tó ń lọ sí ilé sinimá. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, nǹkan wẹ́wẹ́ ń dínkù, ibi tó dúdú ń dúdú sí i, ibi tó mọ́lẹ̀ ń funfun sí i. Ẹ lè gbé ẹ̀dà ilé sinimá tó ti gbó sórí ẹ̀rọ 4K, ẹ óò gba píksẹ́lì yín pé pérépéré, ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ kò ní ju ohun tó kù lára ẹ̀dà yẹn.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tó tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sikáànì tí wọ́n ṣe nígbà tí DVD lòde, tó dára tó fún DVD, ni wọ́n máa ń gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí Blu-ray. Spartacus ti 1960 jẹ́ irú rẹ̀: Blu-ray 2010 rẹ̀ wá láti inú iṣẹ́ àtijọ́, àwọn olùfẹ́ fíìmù sì fi ẹ̀hónú hàn. Ní 2015, wọ́n padà lọ sídìí fíìmù náà, wọ́n ṣe sikáànì tuntun, wọ́n tún un ṣe látòkè délẹ̀. Orúkọ kan náà, irú àwo kan náà, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ máa wo ọdún tí wọ́n ṣe sikáànì, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ àwo.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ orí fíìmù dẹ́rù bà yín. Nẹ́gátíìfù àwọn fíìmù mẹ́ta tí Satyajit Ray, olùdarí fíìmù ará Íńdíà, ṣe nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Apu, láti 1955 sí 1959, jóná ní ilé ìfọ-fíìmù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993. Wọn kò dà wọ́n nù. Ní Bologna ní Ítálì, ilé-iṣẹ́ L'Immagine Ritrovata fi oògùn mú ohun tó kù rọ̀, wọ́n fi ọwọ́ tún ihò etí rẹ̀ ṣe, wọ́n ṣe sikáànì rẹ̀ ní 4K. Ibi tí iná ti jẹ kọjá àtúnṣe, ẹ̀dà mìíràn tó sún mọ́ nẹ́gátíìfù ni wọ́n fi dí i. Iṣẹ́ náà jáde ní 2015. Mo wo Pather Panchali, àkọ́kọ́ nínú wọn, mo sì gbàgbé pé ohun tó ti inú iná jáde ni mo ń wò. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ibi kan tó sọnù lára Metropolis, fíìmù 1927, ni wọ́n rí ní 2008 ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fíìmù ní Buenos Aires. Ẹ̀dà 16mm ni. Ẹ̀dà 35mm tó ti họ yánnayànna ni wọ́n sì dà kọ sórí rẹ̀, nítorí náà àwọn ìlà tó họ yẹn ti di ara àwòrán fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀dà tó jáde ní 2010, ẹ máa mọ ibi tí wọ́n so mọ́ ọn láìsí pé ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i. Kò dùn ún wò, àmọ́ èmi kò fẹ́ kí wọ́n fi sọ́fítíwíà fọ̀ ọ́ dànù kó lè mọ́. Mo ti rí ibi tí mímọ́ ń gbéni lọ.

Àwọn fíìmù kan tún wà tó jẹ́ pé wọn kò gbó, síbẹ̀ kò sí ohun tí 4K lè rí fà yọ nínú wọn. Kámẹ́rà fídíò kékeré tó ń lo MiniDV ni wọ́n fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú 28 Days Later, tó jáde ní 2002. Ìlà 576 ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ìlà 576 náà ló wà nínú rẹ̀ lónìí, DVD sì ti ń gbé ìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ fíìmù láti nǹkan bí ọdún 2000 lọ ni wọ́n fi 35mm yà, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ní 2K, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Blu-ray lọ, ni wọ́n ti parí iṣẹ́ àwọ̀ rẹ̀ àti ti àwọn àrà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá sínú rẹ̀. Àwo 4K irú fíìmù bẹ́ẹ̀, àfi tí wọ́n bá padà lọ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, 2K tí wọ́n fẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé fíìmù ọdún 1962 lè mú ju ti ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀ lọ, títí mo fi lóye ìdí rẹ̀.

Ní ti àwọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń bá ara mi jiyàn jù. Fíìmù aláwọ̀ tó wọ́pọ̀ láti àwọn ọdún 1950 máa ń ṣá, ó sì máa ń ṣá sí àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ẹni tó ń tún un ṣe ní láti mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ta ló sì máa sọ fún un? Ẹ̀yin lè sọ pé olùdarí fíìmù ni. Nígbà tí The French Connection ti 1971 jáde lórí Blu-ray ní 2009, olùdarí rẹ̀, William Friedkin, fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Owen Roizman, ẹni tó di kámẹ́rà mú, bínú sí i ní gbangba. Ní 2012, òmíràn jáde tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti àtijọ́. Èmi wà lẹ́yìn Roizman, torí fíìmù tí mo ń sanwó rẹ̀ ni èyí tí àwọn èèyàn rí ní 1971, kì í ṣe èyí tí olùdarí lá àlá rẹ̀ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà fún mi.

HDR, ètò tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ nínú àwòrán tàn gan-an kí ibi tó dúdú sì dúdú, náà ń fa irú àríyànjiyàn yìí. Ìmọ́lẹ̀ funfun ojú ilé sinimá jẹ́ nǹkan bíi nits 48 (nits ni wọ́n fi ń wọn bí ojú àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ tó). Àwo 4K lè ní kí tẹlifíṣọ̀n tan 1000. Tí ọwọ́ ẹni tó ṣe é bá tutù, ẹ óò rí ohun tó wà nínú òkùnkùn àti nínú ìkùukùu tí DVD ti jẹ mọ́lẹ̀, torí nẹ́gátíìfù ti ní gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù, fèrèsé tó wà lẹ́yìn òṣèré á máa ta ojú yín, ẹ kò sì ní gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Lójú tèmi, HDR tó dára wúlò fún fíìmù àtijọ́ ju píksẹ́lì tó kún un lọ. Tí ẹ bá jókòó jìnnà ju mítà méjì lọ dáadáa sí tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 55, ojú tó ríran geere pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ 1080 yàtọ̀ sí 2160. Ẹ wọn ibi tí ẹ ń jókòó kí ẹ tó náwó.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Blu-ray lè lo tó mẹ́gábíìtì 40 fún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwo 4K lè dé 128, àwọn tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í sábà fún 4K ju nǹkan bíi 15 sí 25 lọ. Hóró ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí òun ló ń yí padà jù. Ẹ máa rí i tó ń dì pọ̀ ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù nínú èéfín àti kùrukùru. Fíìmù tí wọ́n tún ṣe dáadáa lè débẹ̀ kó dà bí èyí tí wọ́n fi DNR bà jẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún lè fi ẹ̀dà mìíràn rọ́pò rẹ̀ lóru kí ẹ má mọ̀.

Mo rò pé ayé DNR ti kọjá, títí di 2024. Ọdún yẹn ni fíìmù James Cameron mẹ́ta, Aliens, The Abyss àti True Lies, jáde lórí àwo 4K. Ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi tún wọn ṣe, èyí tó ń pa hóró tó sì tún ń méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan ní irun àti ìlà ojú ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò yà rí. Èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti mọ̀, torí DNR àtijọ́ ń mú nǹkan kúrò, ojú sì lè rí àyè tó ṣófo. Èyí ń fi nǹkan sí i. Ibi tí mo ti ń mú un ni eyín, ìwé tó wà lókèèrè tí lẹ́tà rẹ̀ kò ṣe é kà, àti ojú àwọn tó wà lẹ́yìn nínú èrò.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. N kì í ra fíìmù àtijọ́ lọ́jọ́ tó bá jáde. Mo máa ń dúró kí àwọn tó ní ẹ̀dà méjèèjì fi àwòrán wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n kì í sì í wo èyí tó mọ́lẹ̀ jù, irun ni mo máa ń wò, lẹ́yìn náà aṣọ, lẹ́yìn náà ògiri. Àwòrán tó dúró sójú kan kò tó, torí kò lè fi hóró tó dì sójú kan hàn nígbà tí ojú òṣèré ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ rí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń lọ. Tí Blu-ray tí mo ní bá wá láti inú sikáànì tuntun ti nẹ́gátíìfù, 4K rẹ̀ kì í kán mi lójú. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ayé DVD ni wọ́n tún tẹ̀, mo lè sáré wá 4K rẹ̀.

DVD náà kò ṣe é fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé o. Lórí èyí tó jẹ́ PAL, wọ́n máa ń sáré fíìmù láti 24 sí 25, fíìmù wákàtí méjì á parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 115, ohùn gbogbo wọn á sì tín-ín-rín díẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú ilé mi tí àwọ̀ wọn kò tíì rí irú rẹ̀ lórí ohun tó jáde lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, mo máa ń mú ibi kan náà nínú méjèèjì, ibi tó dúdú àti ibi tí ojú èèyàn sún mọ́ kámẹ́rà, mo máa ń wò wọ́n tẹ̀ léra lórí tẹlifíṣọ̀n kan náà ní alẹ́, kí n tó pinnu èyí tó máa kúrò nílé.